Kí Wọn Kí O Tó Kọjá

                                        Ilé Misbaudeen Mẹkáníìkì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Rumuomasi,
                                        Port Harcourt,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 2019.

Nọ́fíù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Shakirat àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá gbogbo èèyàn jà nítorí oúnjẹ? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbí, òjò ṣì ń bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa wà dáadáa. Bàbá wa ń kí ọ. Màmá wa náà ń kí ọ, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ẹni tó lè se ọbẹ̀ ẹja bíi tiwọn lọ́hùn-ún.

O ní bí mo bá tún fi Pidgin ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, o ò ní dá mi lóhùn mọ́, pé kí n jókòó kí n kọ lẹ́tà Yorùbá gidi bí ọmọlúàbí. Láti ìgbà tí o ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lo ti ń ṣe báyìí. Ó dáa, mo ti jókòó. Bí o bá rí àṣìṣe, jọ̀ọ́, má fi báírò pupa kàn án. Ọmọ tí wọ́n bí sí Rumuomasi, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Kalabari, tó ń kọ Yorùbá tó báyìí, ńṣe ló yẹ kí o pàtẹ́wọ́ fún un.

O béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí mi ò dáhùn. O ní àwọn kan ń sọ lọ́dọ̀ yín pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré mi ló kú níbi ìdíje Accra lọ́dún tó kọjá, ni Roqeebah àbúrò mi fi gba ipò mọ́ mi lọ́wọ́. O ní àwọn mìíràn sì ń sọ pé Bàbá wa ló pàṣẹ pé kí n fi sílẹ̀ fún un. Nọ́fíù, irọ́ ni méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì mi ò ṣe nǹkan kan. Bàbá wa ló tún un ṣe, o sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí Bàbá wa bá fọwọ́ kàn kì í kú lójú ọ̀nà. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

O rántí ọgbà ìṣeré tó wà lọ́nà Rumuokoro, níbi tí wọ́n ti ń fi káàtì ṣeré, àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní òrùlé, tí ìdí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbo ilẹ̀. Bàbá wa ni wọ́n máa ń pè láti tún wọn ṣe, àwa mẹ́ta la sì máa ń tẹ̀ lé wọn lọ. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká gun káàtì yípo kí Bàbá lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ìwọ tí ẹ̀rù ń bà (má jiyàn, ẹ̀rù ń bà ọ́), ìwọ lo máa ń dúró ní ìparí, tí wàá fi fìlà bàbá rẹ ṣe àsíá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Roqeebah nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé orí tọ́tù, irin tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ìrọ̀rí àga Màmá wa la fi ń tì í lẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá.

Kò pẹ́ tí ẹ kó lọ ni Kóòṣì Dagogo rí wa. O ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Okrika ni, ó ti fi káàtì díje rí, ó sì ń wá àwọn ọmọ tí yóò kọ́. Ó mú àwa méjèèjì wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi ìdíje ní Èkó àti Àbújá, èsì wa kì í sì í yàtọ̀: Mikail nípò kìn-ín-ní, Roqeebah nípò kejì. Bí mo bá ṣe ipò kẹrin, òun a ṣe ìkarùn-ún. Gbogbo èèyàn ní èmi ni mo dáńgájíá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo tilẹ̀ ń rìn bí àwọn tó ni ilé epo.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dààmú Kóòṣì. Bí Roqeebah bá dá sáré, aago a fi hàn pé ó yá jù mí lọ. Bí a bá jọ sáré, ẹ̀yìn mi ló máa ń wà. Ó ń kọjá lára gbogbo ọmọ tó kù wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹ̀yìn mi, ó parí. Kóòṣì a mi orí, a ní, "This girl sabi run well well. But once e reach your back, e go sleep. Wetin you dey give am?" Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

O ò lè gbàgbé òfin ilé wa. Bàbá wa lè gbàgbé ibi tí wọ́n fi sípánà sí, wọn kì í gbàgbé òfin. Ọdún méjì péré ni mo fi ju Roqeebah, ṣùgbọ́n "Brother Mi" ni mò ń jẹ́ látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí àwo ẹja bá dé iwájú wa, èmi ni mò ń kọ́kọ́ mú, mo sì máa ń mú èyí tó tóbi, o mọ̀ mí. Bí àgbà bá sì ń rìn lọ níwájú rẹ, o ò gbọdọ̀ ṣàdédé kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́. Màmá wa a máa fi Bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ní Buguma ìlú wọn, ọkọ̀ ojú omi tó bá yá ló ń ṣáájú. Bàbá wa a ní orí ilẹ̀ làwọn wà, àwọn ò sí lórí omi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí di ìdíje Accra. Ẹgbẹ́ kan ní South Africa ránṣẹ́ sí Kóòṣì pé àwọn fẹ́ mú ẹnì kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kó wá fi ọdún kan wa ọkọ̀ eré oníjókòó ẹnìkan, irú èyí tí táyà rẹ̀ wà níta gbangba, tí awakọ̀ ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gidi nìyẹn. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń di awakọ̀ tí ayé ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló wà, Kóòṣì sì sọ fún wa pé èyí tó bá ṣáájú nínú àwa méjèèjì ní Accra ni yóò lọ. Mo fẹ́ ẹ, Nọ́fíù. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Nígbà tí eré náà fẹ́ parí, èmi ni mo wà níwájú. Roqeebah wà lẹ́yìn mi, ọmọ Ghana kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà gígùn, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì Roqeebah tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó yẹ kó kọjá. Ohùn náà rẹlẹ̀ lójijì. Mo rò pé nǹkan ti ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a tún yípo dé ibẹ̀, ó tún ròkè, ó tún rẹlẹ̀. Etí tí Bàbá wa fi kọ́ wa nínú ọgbà ìṣeré kì í tan èèyàn jẹ. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà ló ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú.

Inú akoto tí mo dé sórí ni ojú ti tì mí. Mo rántí gbogbo ife-ẹ̀yẹ tí Màmá wa tò sórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń lọ níwájú bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Màá gba àyè náà, Roqeebah yóò sì bá mi di ẹrù South Africa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mi ò lè gbà.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo na ọwọ́ síwájú pé kó máa lọ. Kò lọ. Mo tún na ọwọ́, lọ́tẹ̀ yìí bí Bàbá wa ṣe ń na tiwọn bí inú bá bí wọn. Ìgbà náà ló tó bọ́ síwájú, bó sì ṣe dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó tẹ orí ba pẹ̀lú akoto ńlá yẹn, bí ọmọbìnrin tó ń kí àgbà láàárọ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti yí kọ́nà, mi ò sì rí i mọ́ títí eré fi parí. Ọmọ Ghana náà kọjá lára mi, kò kí mi. Ipò kẹta ni mo ṣe. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn níbẹ̀, ìwọ nìkan ni mo sì sọ fún.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Roqeebah dé South Africa, wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ òyìnbó kan tó fi ọdún mẹ́ta jù ú. Ọmọ náà ṣe é dáadáa. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà ọkọ̀ tuntun náà, ó ń gbé e lọ ra oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan lórí fóònù, mo gbọ́ tí Roqeebah pè é ní Brother. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n èyí tí Roqeebah kó ròde ti pọ̀ jù. Ní ìdíje àkọ́kọ́, ẹ̀yìn Brother ló parí sí. Ní ìkejì, ẹ̀yìn Brother. Brother yìí kì í sì í ṣe ẹni tó yá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n jọ ń wà. Ni àwọn tó ni ọkọ̀ bá sọ fún un pé bí kò bá lè kọjá lára èèyàn, àwọn máa dá a padà sílé, àwọn á mú ẹlòmíràn. Ó pè mí pẹ̀lú ẹkún. "Brother Mi, I dey try o. My leg no dey gree. E dey comot by himself."

Gbogbo ohun tí mo sọ, pàbó ló já sí. Mo bá gbé fóònù lọ bá Bàbá wa lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ti Accra tí wọn ò mọ̀. Wọ́n fà jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gba fóònù. Mo rò pé wọ́n máa sọ pé òfin ilé kò kan orí pápá. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Roqeebah, ta ló ní kí o má kọjá? Ohun tí mo kọ́ yín ni pé ẹ ò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láì kí wọn. Kí wọn, kí o sì máa lọ. Ẹni tó ti kí àgbà tán, tó tún dúró sẹ́yìn wọn, kí ló ń wá níbẹ̀?"

Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò akoto bó bá ń sáré. Ní ìdíje tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọjá lára ẹnì kan. Wọ́n rò pé àdúrà ni. Ohun tí ọmọ náà ń wí ni, "Ẹ kú eré o, ẹ jẹ́ n kọjá." Ó kí èèyàn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Brother ló kọ́kọ́ kí. Ipò kẹta ló ṣe, ó sì ti gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mejì kí ọdún tó parí. Wọ́n ti ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ sínú ọkọ̀ tó lágbára ju èyí lọ. Kóòṣì Dagogo gbọ́, ó ní, "So na ordinary greeting be the medicine?" Ó ti fẹ́ kí Bàbá wa wá kọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkíni.

Má káàánú mi o. Mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, mò ń gbé ní Aluu bí kò bá sí ìsinmi, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké Kóòṣì ní káàtì lópin ọ̀sẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà mìíràn, tí mo bá ń wo fídíò, tí mo rí àyè tí ǹ bá jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí akoto yẹn tó tẹ̀ ba díẹ̀ kó tó kọjá, ẹ̀rín ni màá bú sí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, Nọ́fíù. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Àná ni Roqeebah dé. Màmá wa se ọbẹ̀ ẹja, wọ́n gbé àwo kalẹ̀ láàárín èmi àti òun, ẹja méjì, ńlá kan àti kékeré kan. Ọmọ tí àwọn òyìnbó ń lé tí wọn ò bá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró kí n kọ́kọ́ mú. Mo mú èyí tó kéré. Ó wò mí títí, ó tẹ orí ba bó ṣe ṣe ní Accra, ó sì mú ẹja ńlá náà.

Bá mi kí Màmá rẹ àti Shakirat. Sọ fún wọn pé Roqeebah yóò wà nílé títí di oṣù Kejì, kí ẹ wá kí ó tó tún lọ. Bí o bá sì tún gbọ́ ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì mi kú, sọ fún un pé Bàbá wa ń wá a.

Ọ̀rẹ́ rẹ látìgbà fìlà àti àsíá,

Mikail