Ohun Tó Pa Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Bàbá Ràṣídì ní Èmùré. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó kòkó. Mo kí Ìyá Ràṣídì, mo kí Ìyá Àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, mo kí Sẹ́kínátù ọmọ yín. Èmi Olórí Àgbà Ìpolongo Ìtọ́jú Odò àti Igbó, tí ọ́fíìsì mi wà ní Ìkẹ́rẹ́, ni mo kọ̀wé yìí. Orí àga tó ń yí ni mo jókòó sí. Kí Sẹ́kínátù kà á fún yín ketekete, kó má fo ibì kankan.

Ràṣídì ọmọ yín, tó wá bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Òun ló ń gbé gbohùngbohùn káàkiri, tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má da ìdọ̀tí sódò. Bó bá fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń dúró. Bó bá ti fi ohùn ìyá arúgbó Ìkẹ́rẹ́ kan tí wọ́n jí adìẹ ẹ̀ gbé sọ ọ́, gbogbo àdúgbò á kó jọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbọ́.

Ọyẹ́ ti mú níbí. Ètè Ràṣídì ti là. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dá sín gbogbo ará ilé yín jẹ nínú yàrá ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ikọ́ yín, kó lè dà bíi pé ẹ wà níbẹ̀.

Ìjà ẹ̀yin àti Bàbá Sùlé, aládùúgbò yín, ló mú mi kọ̀wé. Mo gbọ́ pé látìgbà tí gbogbo pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà ti kú lẹ́ẹ̀kan náà lásìkò òjò, ẹ kì í kí ara yín mọ́. Ẹ ò tún jọ dúró ní sàfù kan náà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin tí ẹ ti jọ ń kírun láti kékeré. Ẹ ní òun ló fún wọn ní májèlé torí wọ́n ń jẹ àgbàdo ẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa, ìyẹn èmi, kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sódò, ó ní kí wọ́n yí òkúta inú omi padà. Bàbá, ẹ ò lè gbàgbọ́! Ìṣáwùrú wà lábẹ́ ẹ̀, ọmọ akàn tó kéré ju èékánná wà níbẹ̀. Kòkòrò kan tún wà tó burẹ́wà gan-an. Wọ́n ní ọmọ lámilámi ni, pé inú omi ló ti ń dàgbà kó tó hu ìyẹ́. Ràṣídì béèrè ìbéèrè títí wọ́n fi ní kó jẹ́ kí àwọn mí.

Nígbà tó yá, a dé ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣan pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó. Ó yí òkúta kan, kò sí nǹkan. Ó yí òmíràn, òfo. Ó wá béèrè bóyá oògùn inú pọ́ńpù lè pa pẹ́pẹ́yẹ tó bá mu omi náà. Wọ́n ní kíá báyìí ni. Ó rọra dá òkúta náà padà sí àyè ẹ̀.

Wọ́n wá ní òun ni yóò ṣáájú ìpolongo tó kàn, ní Èmùré, níwájú mọ́ṣáláṣí yín. Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níbẹ̀?

Mi ò ní àga kankan. Orí garawa tí mo dojú ẹ̀ dé ni mo wà. Lásìkò òjò yẹn, ẹ ní kí n gbẹ́ kòtò sáàárín oko, kí n máa pọnmi lọ ṣan pọ́ńpù síbẹ̀. Ó sú mi. Inú odò ni mo ti ṣàn án. Búlúù ni oògùn yẹn, ó ń yí po nínú omi bí èéfín, mo sì ń tẹ̀ lé e kí n lè rí ibi tó ń lọ. Ọjọ́ kejì ni pẹ́pẹ́yẹ kú.

Ohùn Bàbá Sùlé tí ẹ sì gbọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná lọ́sẹ̀ yẹn, tó ń búra pé ojú pẹ́pẹ́yẹ yín máa rí nǹkan, èmi náà ni. Mo fẹ́ kí Sẹ́kínátù rẹ́rìn-ín ni. Ẹ dì í mú bí ẹ̀rí, mo sì dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú lẹ́tà yìí lọ bá Bàbá Sùlé lónìí, kí Sẹ́kínátù kà á sí wọn létí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ fún wọn níwájú gbogbo jámáà kí n tó sọ ọ̀rọ̀ odò kankan.

Ọlọ́hun á dá yín sí, á jẹ́ kí kòkó so. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ bá mi bẹ Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Sùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni, kì í ṣe ọ̀gá kankan,
ọmọ yín,
Ràṣídì.