Ààbọ̀ Kọmúníọ̀n Tí Mo Gbé Lọ Fún Màmá Mi

Ó jẹ ẹ́. Màmá mi jẹ ẹ́, ó gbé e mì, kò sì bì í... Admin ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń bà mí àbí ayọ̀ ni mò ń yọ̀, ó jọ pé ayọ̀ ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ohun tí mo bá fi sí i lẹ́nu ló ń padà jáde, ẹ̀kọ o, kunu tí Hajiya ilé kejì ń gbé wá o, omi lásán pàápàá... ṣùgbọ́n eléyìí wọlé, ó sì jókòó. Ó tún wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, màmá mi rẹ́rìn-ín lánàá, ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, torí mo ti ṣe nǹkan kan, mo sì nílò ẹni tó máa bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kó tó di Wednesday.

Sokoto la wà, Tudun Wada níbí. Bàbá mi wẹ́dà ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ibí ló ti fẹ́ màmá mi, ṣùgbọ́n ó ti níyàwó nílé kó tó wá. So màmá mi ni ìyàwó kejì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwa Yorùbá la pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí màmá mi kì í ṣe, á gbálẹ̀, á dáná fún àlejò, òun ló ń dá orin fún àwọn ìyá... àfi kọmúníọ̀n. Ìyàwó kejì kì í jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí ìwàásù bá ti parí, Pásítọ̀ á ní kí àwọn tí kò tíì ṣèrìbọmi àti àwọn tí ìgbéyàwó wọn ò bá òfin ìjọ mu bọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, màmá mi á ká ìró rẹ̀ mọ́ra, á dìde, á lọ bá àwọn ọmọdé jókòó. Láti kékeré ni mo ti ń bá a jókòó síbẹ̀. Bàbá mi sì rèé, ó ti padà sílé lọ bá ìyálé ọjọ́ ti pẹ́, orí fóònù ló ti ń kí wa. Ẹ wò ó o, kò rí ọkọ nílé, kò sì lè jẹ Oúnjẹ Olúwa torí pé ó lọ́kọ. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé màmá mi gan-an ló ń ṣe búrẹ́dì náà. Búrẹ́dì ló ń ṣe tà nítòsí Kofar Marke, so wọ́n kúkú gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Fúláwà àti omi ni, kò gbọdọ̀ sí yíìsì, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, á fi ìgò yí i pẹlẹbẹ, á fi ọ̀bẹ là á wẹ́wẹ́. Òun náà ló ń se zobo tí a fi ń ṣe wáìnì, torí ní ìlú tiwa níbí wáìnì kì í ṣe ohun téèyàn ń rà kiri. Zobo lásán, kò ní fi atalẹ̀ sí i. Èyí tó bá kán létí nínú búrẹ́dì yẹn, kò ní fẹnu kàn án, kò ní jẹ́ kémi náà fẹnu kàn án, adìyẹ ló máa ń dà á fún. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo bi í pé kí ló dé tí àkùkọ fi lè jẹ ẹ́, ṣebí àkùkọ yìí gan-an níyàwó mẹ́rin. Ó ní kí n panu mọ́, pé àkùkọ ò kọ orúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí àìsàn inú yìí dé, a lọ lọ lọ, a bọ̀ bọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kan dókítà kàn bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ká máa gbé e lọ sílé, ká máa fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú. Ohun tó sọ yé mi. Mi ò kàwé kọjá secondary, ṣùgbọ́n ó yé mi. A délé, mo bi í pé kí ló wù ú, mo rò pé á ní ẹja ni, tàbí àkàrà. Ó kọjú sí ògiri, ó ní ó wu òun kóun mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Kò pe orúkọ ẹ̀ o... ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Mo lọ bá Pásítọ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú, omi lé sí i lójú. Ó ní òun ò lè dá òfin ìjọ rú, ṣùgbọ́n tí màmá bá lè sọ níwájú àwọn àgbà ìjọ pé òun ti kọ ọkọ náà, wọ́n á gbé e wá bá a nílé. Mo délé, mo sọ fún un. Màmá mi ní tóun bá kọ ọ́ lónìí tí òun kú lọ́la, kí ni wọ́n máa wá pe èmi ọmọ tóun bí fún un? Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ní kí n lọ pọn omi.

Èmi ti ṣèrìbọmi ní tèmi, wọ́n ti fún mi ní ọwọ́ ọ̀tún ìdàpọ̀, àná wá ni first time tí mo máa jẹ ẹ́. Èmi ni mo po búrẹ́dì náà fúnra mi, torí màmá mi ò lè jókòó mọ́, orí ẹní ló ti ń pàṣẹ fún mi. Mo ti fọ ìgò lọ́fínńdà kékeré kan, mo fi há àyà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kan bọ́ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde fúnra ẹ̀... mo jókòó. Àwo dé ọ̀dọ̀ mi, mo mú. A jọ máa ń dì í mọ́wọ́ ni títí Pásítọ̀ á fi ní ká jẹ ẹ́. Gbogbo èèyàn dijú, mo ṣẹ́ tèmi sí méjì, mo jẹ ààbọ̀, mo di ààbọ̀ sínú háńkáṣíìfù. Zobo náà, mo mu díẹ̀, mo da ìyókù sínú ìgò. Mo há ìgò náà padà sí àyà. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo wọ kèké wálé, mo ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí wèrè, ẹni tó ń wa kèké fi Hausa bi mí pé lafiya, ṣé kò sí o? Mo ní lafiya lau, kò sí.

Mo délé, mo tú háńkáṣíìfù. Màmá mi wò ó, ó wò mí. Ó ní ṣé Pásítọ̀ ló ní kí n gbé e wá? Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni... Mi ò la ẹnu, ṣùgbọ́n mo mirí. Ó ní kí n gbé òun jókòó. Ó ní kí n fi omi nu òun lẹ́nu, kí n bá òun wé gèlè. Ó la ẹnu bí ọmọdé, mo fi sí i, ó jẹ ẹ́ pẹ́ pẹ́ pẹ́. Ó ní, “Háà. Gbogbo bí mo ṣe ń pò ó yìí, kò mà dùn rárá.” Bó ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó mu zobo, ó ní ẹ̀jẹ̀ Olúwa ń ta sánsán, ta ló fi lọ́fínńdà sí i? Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run ún, tó ní kí n gbé òun sùn. Ó sì sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kérora.

Ìgbà tó sùn ni ojú mi tó là. Ṣebí Pásítọ̀ máa ń kà á sí wa létí pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìyẹ, ẹ̀bi ló jẹ. Ṣé mo ti fi ẹ̀bi bọ́ màmá mi nígbà tó ń lọ bá Ọlọ́run ni? Àbí ohun tí mo jí gbé yẹn ò tiẹ̀ jẹ́ nǹkankan, búrẹ́dì tí ò níyọ̀ lásán ni? Tó bá jẹ́ nǹkankan nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, ìgbà wo ló kúrò ní nǹkankan? Ààbọ̀ kan wà nínú mi, ààbọ̀ kan wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bi ni, a jọ jẹ ẹ́ ni. Ìyẹn ò dùn mí. Irọ́ yẹn ló ń dùn mí... torí inú ẹ̀ dùn pé ìjọ ti gba òun, ìjọ ò sì gbà á.

Ilẹ̀ mọ́ lónìí, ojú ẹ̀ ti jìn sínú, ohùn ẹ̀ ò sì jáde dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n mú àkùkọ lọ fún Pásítọ̀, kí n ní òun dúpẹ́. Mo ní ó di ọ̀la. Ó ní ta ló ní ọ̀la? Mo de àkùkọ lẹ́sẹ̀, mo gbé e sábẹ́ apá, mo lọ. Pásítọ̀ ò sí nílé, ìyàwó wọn ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní màmá mi ní kí n wá dúpẹ́. Inú wọn dùn, wọn ò bi mí pé torí kí ni, wọ́n ní tọkọtaya làwọn máa wá kí i lọ́jọ́ Wednesday. Mi ò lè gba àkùkọ padà.

Mo padà délé, màmá mi ní ṣé wọ́n gbà á? Mo ní wọ́n gbà á, wọ́n ń bọ̀. Ó ní kí n lọ ṣí àpótí, kí n mú aṣọ funfun òun wá, èyí tí àwọn ìyá máa ń wọ̀ jẹ kọmúníọ̀n. Mi ò mọ̀ pé ó ní i. Ó ti rán an ọjọ́ ti pẹ́, kò wọ̀ ọ́ rí, eruku ti sọ ọ́ di pupa. Ó ní ìyẹn ni òun máa wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀, tí òun bá sì ti lọ kí wọ́n tó dé, kí n fi wọ òun.

Mo ti fọ̀ ọ́. Ó wà lórí okùn níwájú mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi ohùn tó kù kọ orin nínú yàrá. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Pásítọ̀ kó tó wá, kó lè bá mi gbé irọ́ náà... ṣé á gbé e? Àbí kí n sọ òótọ́ fún màmá mi, kí n gba ẹ̀rín yẹn padà lẹ́nu ẹ̀? Àbí kí n máa gbàdúrà pé kó lọ kó tó di Wednesday, èmi ọmọ ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Oòrùn Sokoto kì í pẹ́ mú aṣọ gbẹ.