Fọ́tò Tí Mo Fi Ẹ̀yìn Mọ̀

Ìyá mi àtàtà, okun o.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: fọ́tò mọ́kànlélógójì, alángbá kan lójú fèrèsé, àpá ibi tí òfì yín máa ń fara ti lára ògiri, àti nínú fọ́tò kejìlélọ́gbọ̀n, ìlà funfun kan tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tó wá yà sí méjì bí ẹ̀ka igi. Ni mo bá pariwo, èmi tí ẹ máa ń pè ní adákẹ́.

Bọ̀dá Dáre ti ti òkè òkun dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì n'Ílọrin. Ohun tó kéré débi pé ojú ò lè rí i ló ń wá. Ipa tó bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ni kámẹ́rà ń yà, bí ipa ìgbín lára ògiri. Ó kó àpótí fọ́tò wá sílé, ó ní kí n bá òun wò ó torí ojú mi mú. Èyí tó bá yà sí méjì ló fẹ́, ó sì ṣọ̀wọ́n. Méjì péré ló tíì rí. Lórí méjì yẹn ló kọ ìwé tó máa fi gba ìgbéga. Mọ́ńdè ló fẹ́ fi í ránṣẹ́.

Ní Fúráìdè mo to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yí ọ̀kan dojú bolẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń yí aṣọ dà, tí ẹ ó ní kí n fi ẹ̀yìn mọ ọnà ojú rẹ̀? Mo máa ń kùn nígbà yẹn. Ẹ forí jì mí. Fọ́tò kan náà ni! Ẹni tó fọ̀ ọ́ ló dojú fíìmù bolẹ̀ nígbà kejì, ó sì gé nọ́ńbà etí rẹ̀ dànù.

Ṣé kí n dákẹ́ ni? Ọ̀mọ̀wé ni Bọ̀dá, èmi ò kà ju ìwé girama lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ tú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta torí òwú kan, kí lẹ bá ṣe? Mo sọ fún un.

Ó gbé e sí oòrùn, ó yí i, ó tún un yí. “Háà! Àbúrò, o pa mí!” Ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ ìyá aláṣọ, ojú ẹ burú! Ìwọ lo tú u, ìwọ lo máa bá mi hun ún.”

Kò fi ìwé náà ránṣẹ́. Àtìgbà náà la ti ń wò.

Ti àárọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yí i wò. Nọ́ńbà rẹ̀ wà létí, kì í ṣe ẹ̀yìn fọ́tò kankan. Bọ̀dá fò sókè, ewúrẹ́ aládùúgbò sá lọ! Ó ti ń tún ìwé náà kọ báyìí, ó ní orúkọ mi á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé kí n ní kó fi tiyín sí i?

Ọjọ́ tí ẹ bá gé aṣọ kúrò lórí òfì, ọ̀sán gangan lẹ máa ń sùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jí yín. Èmi náà ti gé tèmi lónìí; mo ti tẹ́ ẹní yín síbi òfì.

Èmi adákẹ́ yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀,
lórí ẹní. Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dùbúlẹ̀.