Ọ̀rá Búrẹ́dì Àǹtí Látífàt

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ṣé òtútù Leeds ò le jù? Àǹtí Látífàt, àbúrò yín, ń tọ́jú mi dáadáa ní Abúlé Òkúta.

Bùọ̀dá Fuad tó ń bá Àǹtí tẹ ọ̀rá gbé ọ̀rá búrẹ́dì tuntun dé láti Ṣómólú. Àǹtí fi í wé pátákó ìta ilé búrẹ́dì wọn, wọ́n tún fi í wé àwòrán tí mo ń gbé sórí Wọ́sáàpù fún wọn. Pupa rẹ̀ dà bí aṣọ tó ti ṣí.

“Àǹtí, pupa ṣáà ni. Ṣé ọ̀rá ni wọ́n ń jẹ ni?”

“Fuad, ọmọ ni wọ́n ń rán wá. ‘Lọ ra ọlọ́rá pupa fòò’ ni ìyá wọn ń wí. Eléyìí jọ ti àwọn oníbúrẹ́dì àdúgbò Pedro, tiwọn lọmọ máa rà. Gbé e padà, lọ tún un tẹ̀.”

Orí mi wú, Mọ́mì. Àǹtí ò jẹ́ kí búrẹ́dì kan ṣoṣo jáde nínú ọ̀rá yẹn.

Ọ̀rá mìíràn ò tíì dé. Ẹ má ṣàníyàn nípa oúnjẹ wa o. Búrẹ́dì là ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, a sì ń fún gbogbo ará ilé. Àǹtí ní kí n sọ fún yín pé ọjà ń tà.

Wọ́n kí yín, wọ́n kí Dádì.

Èmi ni ọmọ yín,
Dọlápọ̀