Hẹlikọ́pítà Orí Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́bọ̀, Kàbbà

Hẹlikọ́pítà ogun orí kọ̀ǹpútà mi gbéra lónìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń já lulẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá fa ọ̀pá tó ń gbé e sókè láìfi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó ń darí ìrù rẹ̀, ńṣe ni yóò máa pòòyì bí òkòtó.

Àǹtí Fúnmi, àbúrò bàbá mi, wọlé bá mi. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbé ọkọ wọn, Bàbá Tóyìn, lóko ní Ponyan ni Àǹtí ti wà lọ́dọ̀ wa. A kò tíì gbúròó ọkọ wọn.

"Okun o," Àǹtí kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbí. "Ṣé èyí lè wọ igbó?"

"Eré lásán ni, Àǹtí."

Wọ́n fa àga sún mọ́ mi. "Mo mọ̀. Ṣáà bá mi wá Bàbá Tóyìn."

Mo ń fi hẹlikọ́pítà náà yí igbó tí kì í ṣe tiwa ká títí ilẹ̀ fi ṣú.