Ọwọ́ Bàbá Rẹ Tó Wà Nínú Fóònù

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ibi tó o bá gbà jáde, ire ni wàá máa bá pàdé. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan kú. Àwa náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ilé ò rọgbọ.

O mọ̀ pé nígbà tí ọkọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ya wọ ọjà bí eṣú, gbogbo alágbẹ̀dẹ ló paná wọn, àfi bàbá rẹ, torí wọ́n ronú kan ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn, tí èèyàn lè nàró fi roko, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í ká. Àwọn tó lọ ra ti ọjà máa ń padà wá kí òjò tó dá.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ gbé fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n bi wá nínú rẹ̀ pé kí la ní tí àwọn tí a jọ ń tajà kò lè gbà lọ́wọ́ wa. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún àwọn ni. Obìnrin yẹn bá yọ fóònù, ó ní òun fẹ́ gba ọwọ́ náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ má baà parun, ó sì na fóònù sí wọn bí wọ́n ti ń lu irin. Ọjọ́ kẹrin, òòlù já bọ́, apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ní òun fẹ́ gba ọwọ́. Ìlú kan náà lẹ jọ wà, jọ̀ọ́ wá a kàn, ó pupa, ó ń lo awò ojú, bẹ̀ ẹ́ kó tú u jáde, ì báà ṣe ìka mẹ́ta péré.

Èmi ni mò ń lu irin báyìí. Mẹ́ta ni mo ti rọ, gbogbo rẹ̀ ló sán nínú omi. Bàbá rẹ ní irin ní bó ṣe máa ń pọ́n kí a tó tì í bọ omi, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọ̀rọ̀ pè é, ẹkún ni wọ́n ń sun. Lánàá, wọ́n tiraka sọ ọ́ pé ọjọ́ tí o ní kí àwọn kọ́ ọ níṣẹ́, tí àwọn lé ọ jáde pé obìnrin kì í lu irin, àwọn ṣì í ṣe.

Fi owó oògùn ránṣẹ́. Má gba báǹkì fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń pọ owó lẹ́nu ọ̀nà wọn ti gbé káàdì mi mì, kò tíì pọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni kó o wá. Wọ́n ní bó o bá dé, má wulẹ̀ dúró kí àwọn, kí o kọ́kọ́ lọ fínná.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ lọ́nà. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá ohùn wọn nílé.

Èmi ìyá rẹ.