Omi Gbígbóná ní Belvedere
Belvedere, Oṣù Kejìlá 1991

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé orúnkún ò dùn yín mọ́? Ara mi le koko. Ilé tí mo kó sí dára. Táyà tí ẹ rí lábẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kọ́lé níbí nìyẹn.

Mo ti ń fi omi gbígbóná ṣe àlùwàlá! Hítà onígáàsì tó wà nínú ilé ti gbó, ó kú, mo bá ra àlòkù mìíràn, èmi fúnra mi ni mo dè é mọ́ ògiri. Uncle Sàká tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich ní n ò gbọdọ̀ dí ihò tí èéfín hítà ń gbà jáde. Kí ló kàn án? Ilé tirẹ̀ ń móoru. Òtútù ń gba ihò yẹn wọlé bí olè. Ìró tí ẹ tú ní ìdí yín fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, mo ká a, mo fi dí i pa.

Orí nìkan ló ń fọ́ mi láràárọ̀, èébì á sì máa gbé mi. Bí mo bá ti jáde síta, á lọ. Afẹ́fẹ́ ìlú yìí mà dára o.

Ẹ bá mi kí Idiat àbúrò mi. Ẹ má mikàn. Ìró yín ò jẹ́ kí nǹkan kan wọlé, kò sì jẹ́ kí nǹkan kan jáde.

Ọmọ yín,
Nurain